Ìrìn-Àjò Tọkọtaya Lọ Wo Òdòdó

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó ti àwọ̀n, tí ẹ ń di ojú rẹ̀ tó ya, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá wa tí èéfín ẹja yíyan ń ta lójú ní Ayétòrò, ní Ugbónlà, ní Awóyè àti ní Aràròmí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń kó èrò bọ̀ láti Igbókòdá, mo kí ẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ariwo ẹ̀rọ yín kù díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni.

Ìbéèrè ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin baálé ilé, ìgbà wo ni ẹ̀yin àti aya yín jọ wọ ọkọ̀ kẹ́yìn, tí kì í ṣe ọjà ni ẹ ń ná, tí kì í ṣe òkú ni ẹ ń lọ sin, tí kì í ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí kì í ṣe ìsọ́ òru, tí kì í sì í ṣe ilé ìwòsàn? Ìgbà wo ni ẹ jọ jáde nílé nítorí kí ojú yín méjèèjì lè jọ rí ohun tó dára, kí ẹ sì padà wálé? Ẹ rò ó wò. Ẹ má dá mi lóhùn kíákíá. Mo mọ̀ pé bàbá kan ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, ìyá kan sì ti mí kanlẹ̀ ní ìdí ààrò.

Ilẹ̀ kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé tí òkun yí ká, tí àwọn apẹja wà níbẹ̀ bí àwa náà ti jẹ́ apẹja. Jàpáànù ni orúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní sàkúrà. Èyí tí wọ́n gbìn jù lọ nínú rẹ̀ kì í so èso tí ẹnu ń wá kiri. Ẹ kò lè kó èso rẹ̀ lọ sí ọjà Igbókòdá. Òdòdó ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìgbà ìrúwé sì ń yọjú, kí ewé tó jáde lórí ẹ̀ka igi náà rárá, òdòdó a ti bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun tí pupa díẹ̀ tà sí lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró lábẹ́ rẹ̀ kò fi ní rí ojú ọ̀run mọ́ bí kò ṣe òdòdó. Àti nítorí pé láti ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gé ẹ̀ka lọ́ àwọn yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gbogbo èyí tó wà ní ìlú kan a máa là lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì máa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí i bá kọjá, atẹ́gùn a fẹ́, òjò a rọ̀, òdòdó a wọ́ dànù. Ó di ẹ̀ẹ̀mọ́dún.

Ẹ̀ẹ̀mọ́dún, ẹ̀yin ará! Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun óò ráyè, igi lásán ni yóò bá níbẹ̀.

Nítorí náà ni ìjọba ilẹ̀ náà kò fi ọ̀rọ̀ òdòdó ṣeré. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí ní igi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri ìlú wọn. Ti Tokyo wà nínú ọgbà ojúbọ Yasukuni. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan a lọ síbẹ̀, a gbójú sókè, a máa ka òdòdó. Bí ó bá ka márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ti là, a kéde rẹ̀ fún àwọn oníròyìn tó pagbo yí i ká pé àkókò ti dé. Ẹ wo iṣẹ́ tí ènìyàn ń gba owó oṣù lé lórí! Láti Okinawa ní gúúsù, níbi tí òdòdó ti máa ń yọ nínú oṣù kìn-ín-ní, ìròyìn a máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé Hokkaido ní àríwá nínú oṣù karùn-ún, gbogbo ìlú a sì máa tẹ́tí sí rédíò bí ẹ̀yin náà ti máa ń tẹ́tí nígbà tí wọ́n bá ní ìgbì ń bọ̀.

Àwọn ènìyàn a wá jáde. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ a jáde. Ẹni tó kéré jù ní ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń rán lọ ní kùtùkùtù kí ó lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí ó jókòó ti ààyè náà kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Àgbàlagbà kì í kúkú fi ara rẹ̀ rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé. Wọn a bọ́ bàtà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Wọn a tú oúnjẹ. Wọn a mu ọtí wọn. Tọkọtaya arúgbó a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn yóò kàn máa wo òkè.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Chidorigafuchi. Apá kan nínú omi tó yí ààfin ọba ilẹ̀ Jàpáànù ká ní Tokyo ni Chidorigafuchi, igi sàkúrà sì tẹrí ba sórí omi náà láti bèbè. Níbẹ̀, ọkùnrin a tò, ìyàwó rẹ̀ a tò tẹ̀lé e, wọn a dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro wọ́n, wọn a san owó, wọn a sì gba ọkọ̀ kékeré kan fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí o: àwọn fúnra wọn ni yóò wà á! Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí ìyá yín pọ̀n wọ ọkọ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n rìn, ẹ̀yin tí a fi àjẹ̀ lé lọ́wọ́ kí a tó fi sílétì lé yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sanwó láti tukọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tù a máa yí po lójú kan, ọkọ̀ wọn a máa gbá ti ẹlòmíràn, ìyàwó a máa pariwo, òdòdó a sì máa já bọ́ sórí wọn, títí ojú omi yóò fi funfun báláú tí àjẹ̀ yóò sì máa la ọ̀nà nínú rẹ̀.

Bí àwọn méjèèjì bá padà dé èbúté, kò sí ẹja nínú ọkọ̀. Kò sí ẹrù. Síbẹ̀ ẹ kò ní gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé òfò ni òun ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni à ń sọ, àti ti ìrìn-àjò tí a kò rìn fún èrè kankan ju pé kí ọkọ àti aya jọ fojú rí ohun tó dára, nígbà tí ohun náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà wá sọ́dọ̀ ara wa wàyí. Lónìí, ọmọ Ìlàjẹ wà káàkiri ayé. Bí ọmọbìnrin wa tó wà ní Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá bímọ, a ó kó owó jọ, a ó gba físà, a ó fi ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Ìyá nìkan ni o. Bàbá a jókòó sílé ti ìkòkò. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti Maryland sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, kò jìnnà rárá? Ṣé ẹ sì mọ̀ pé igi sàkúrà kan náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu? Yukio Ozaki tó jẹ́ olórí ìlú Tokyo ló fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé ní 1910 ní kòkòrò nínú, iná ni wọ́n dá sun wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ di ìtìjú láàrin ìjọba méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí yóò pẹ́ kì í torí kòkòrò túká, wọ́n tún kó ẹgbẹ̀ẹ́dógún igi àti ogún ránṣẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 27, oṣù kẹta, 1912, Helen Taft, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, àti ìyàwó aṣojú ilẹ̀ Jàpáànù jọ gbin méjì àkọ́kọ́ sí etí omi. Omi náà, omi tó ń kún tó sì ń fà bí tiwa ni.

Ìyá wa a pọ̀n ọmọ-ọmọ rẹ̀, a dúró sábẹ́ òdòdó náà, a gbé fóònù sókè. A ní, "Bàbá wọn, ẹ ò rí i? Ẹ wò ó!" Bàbá tó wà ní Igbókòdá, tí iná ti fẹ́ tán lórí fóònù tirẹ̀, a ní, "Mo rí i, mo rí i," kò sì rí nǹkan kan ju òjìji funfun tó ń gbọ̀n lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn méjì kì í ṣe kékeré, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ìyá tó lọ, àti lẹ́yìn tó dé, èwo ni ẹ̀yin méjèèjì jọ rí ní etí omi tiwa níhìn-ín?

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé òòbẹ̀ ni ohun tí a ní.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣíbàtà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A máa ń fi gbàdúrà, a máa ń fi súre fún ọmọ. Ẹni mélòó nínú wa ló ti dìde ní òwúrọ̀ kùtù, tí ìkùukùu ṣì wà lójú omi, tó wa ọkọ̀ lọ sí òkè odò Olúwà níbi tí iyọ̀ òkun kò dé, láti lọ wo òdòdó rẹ̀? Òru ni òṣíbàtà funfun máa ń la ẹnu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ṣì wà ní lílà, ìrì a wà ní ojú ewé rẹ̀ fẹẹrẹ tó tẹ́ sílẹ̀ lórí omi, àárín òdòdó náà a sì pọ́n bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀, kòkòrò a máa wọ inú rẹ̀, wọn a máa jáde. Bí oòrùn bá ti ń gun orí bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé. Kí ó tó di ọ̀sán gangan, ó ti pa á dé pátápátá. Ará Jàpáànù ní ọ̀sẹ̀ kan. Òwúrọ̀ kan ni àwa ní, kí ilẹ̀ ṣú, kí ó tún mọ́, kí a tún tó rí i.

Òdòdó kejì ń kọ́? Ẹ ó bínú sí mi bí mo bá dárúkọ rẹ̀. Ewéko tó ń dí ọ̀nà omi wa nígbà òjò ni, èyí tó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, tó ń fa àwọ̀n ya, tó mú kí ọ̀pọ̀ ìyàwó apẹja sùn láìrí ẹja yan. Àlejò ni ní orílẹ̀-èdè wa. Ní nǹkan bí 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní omi Badagry, tó gba ojú omi rìn wá láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀ gan-an. Ẹ sì mọ ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀? Ẹwà rẹ̀ ni! Òdòdó rẹ̀ wu àwọn ènìyàn, wọ́n ń gbé e kiri ayé láti fi ṣe ọgbà wọn lọ́ṣọ̀ọ́, títí ó fi bọ́ sínú odò tí agbára kò ká a mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ tó fi àjẹ̀ tì í sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo òdòdó náà dáadáa. Ó ní àwọ̀ àlùkò. Nínú ewé òdòdó mẹ́fà tó ní, èyí tó wà lókè ní àmì ìyeyè kan láàrin, bí ojú tó ń wo ènìyàn. Ọ̀tá wa ni, mo mọ̀. Ó lẹ́wà, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Wò ó, kí o fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò lè rí ohun tó dára kí ó má gbé e relé ló kó wa sí wàhálà yìí.

Mo tún fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa Ayétòrò, nítorí òdòdó nìkan kọ́ ni ènìyàn ń rìnrìn-àjò lọ wò.

Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan láàrin àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ti jìyà lọ́wọ́ ará ilé nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kó ara wọn jọ sí etí òkun, tí wọ́n tẹ ìlú kan dó níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ìlú lè dúró. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ ń jẹun. Àpò kan náà ni owó wọn ń wọ̀. Wọ́n fi pákó ṣe òpópónà lórí omi, wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n kan ọkọ̀ ńlá, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì wà nínú òkùnkùn. Àlejò ń ti òkèèrè wá láti wò ó. Òyìnbó ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá, wọ́n ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tó wà ní tòsí ń kọ́? A ní ibẹ̀ kò kúkú ní sá lọ. A ní ọdún tó ń bọ̀.

Ṣé ibẹ̀ kò sá lọ? Òkun, alagbalúgbú omi, ti wọ ìlú náà. Ó ti gba òpópónà, ó ti gba ilé, ó ti gba ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ẹlòmíràn ti tú ilé rẹ̀ kó sẹ́yìn, ó tún tú u kó sẹ́yìn sí i. Ògiri tí wọ́n ní wọn yóò mọ láti dá omi dúró, ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ojú wọ̀nà fún un.

Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ ayé ti so kọ́ra. Ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù, àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn àlùfáà ti ń kọ ọjọ́ tí sàkúrà là sínú ìwé wọn láti nǹkan bí ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé Yasuyuki Aono ló sì ṣa àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ. Ní 2021, ọjọ́ 26 oṣù kẹta ni òdòdó Kyoto là kún. Títí di ọdún náà, kò yá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà. Ayé ń gbóná sí i ni; ooru ń jí igi kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ooru yìí kan náà ni ó ń yọ́ yìnyín òkè ayé, tó ń mú kí òkun wú, tó sì ń bá wíwa epo rọ̀bì lẹ́bàá òkun wa lọ́wọ́ láti máa jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ díẹ̀díẹ̀. Ní Awóyè, ipa odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo ti fa iyọ̀ òkun wọ inú omi tí àwọn bàbá wa ń bù mu. Òṣíbàtà kì í gbé inú iyọ̀. Ẹ ó rí i pé ti sàkúrà tilẹ̀ sàn: ó ń tètè dé, ṣùgbọ́n ó ń dé.

Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn, ohun tí mò ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọkọ àti aya jọ lọ wo ohun tó dára nígbà tó ṣì wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Bàbá kan a ní, "Ta ni yóò ṣọ́ àwọ̀n mi?" Àbúrò yín ń kọ́? Òun náà kò ha mọ bí a ti ń ṣọ́ àwọ̀n? Ẹlòmíràn a ní àwọn ará àdúgbò yóò sọ pé ìyàwó ti fi oògùn mú òun, àbí pé òun ti di òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹni tó bá rí bàbá àti ìyá tí wọ́n jọ ń fi ọkọ̀ ṣeré ní òwúrọ̀ Sátidé, tó bá fẹ́ pè é ní oògùn, ó lè wá béèrè irú oògùn náà fún ilé tirẹ̀. Ìyá kan náà a ní ẹja wà lórí ààrò. Ìyá mi, ẹja ti wà lórí ààrò kí wọ́n tó bí yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kàn rọra wí pé, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sójú omi." Yóò bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú. Ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kú. Ẹ di pùpùrù àti ẹja díẹ̀ dání. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi, ẹ̀yin méjèèjì, nítorí mímọ̀ ọ́n wẹ̀ kò sọ pé omi kò lè gbé ni. Ẹ má tan ẹ̀rọ ọkọ̀ bí ẹ bá ti sún mọ́ ibi tí òṣíbàtà wà. Àjẹ̀ ni kí ẹ lò. Àwọn tó bá sì ń gbé lápá Ayétòrò, ẹ mú aya yín lọ sí òpópónà tí ẹ ti jọ rìn nígbà èwe, bí òkun bá ṣì fi í sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ júwe fún un ibi tí ilé ta ni wà.

Bí ẹ bá dé, ẹ kọ̀wé sí wa, tàbí kí ẹ pe ilé iṣẹ́ wa lórí fóònù. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Kí ìyá sì bá wa sọ òdodo ọ̀rọ̀: èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló wa ọkọ̀?